Ẹ borí, wọ́n sì mú ẹlòmíràn: ta ló ti ṣẹlẹ̀ sí rí?

Àbẹ̀kẹ́ Under G
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọbìnrin mi kì í fi fóònù mi sílẹ̀, òun ló sọ mí di ẹni tó ń wo ijó orí yìnyín tipátipá. Àwọn obìnrin tó ń fò, tó ń pòòyì lórí omi dídì pẹ̀lú bàtà onírin lẹ́sẹ̀. Bí a bá jọ ń wò ó, òun ló máa ń ṣàlàyé fún mi: "Màámi, èyí kojú síwájú gbéra, axel nìyẹn." Ọmọ tí kò tíì fọ abọ́ tó jẹun àárọ̀ o.

Ohun tó gbé mi wá síbí ni ọ̀rọ̀ Mirai Nagasu, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jó ijó yìí. Ní oṣù kìíní ọdún 2014, ní Boston, Amẹ́ríkà ṣe ìdíje orílẹ̀-èdè tí wọ́n fi ń wo àwọn tí yóò lọ Òlíńpíìkì ní Sochi. Àyè mẹ́ta ló wà fún àwọn obìnrin. Gracie Gold ṣe ìkíní, Polina Edmunds ọmọ ọdún 15 ṣe ìkejì, Mirai ṣe ìkẹta. Ashley Wagner ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣe ìkẹrin. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ka orúkọ: Gold, Edmunds, Wagner. Mirai di rìsáàfù.

Inú bí mi débi pé mo pa dátà. Ta ni irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí nílé wa níbí? Kò di dandan kó jẹ́ eré ìdárayá.

Mọ́ńgòrò Ajílété
Yìnyín kẹ̀? Èyí tí mo gbé sínú fíríìjì láti àná, omi ni mo bá.

Ọmọ Sábó
@Mọ́ńgòrò 😂😂 ìwọ tiẹ̀ bá omi. Iná tiwa ti lọ láti ọjọ́ Ajé, ẹja ló ń kí mi káàárọ̀.

Ìyá Dámi
Àbẹ̀kẹ́, o ti fọwọ́ kan ibi tó ń dùn mí. Ẹ jẹ́ kí n jókòó dáadáa.

Irinwó mítà ni mò ń sá nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ogbómọ̀ṣọ́ níbí náà ni, mi ò ní dárúkọ ilé ìwé. Bàtà onísó tí àwọn ọmọ ìlú ńlá ń wọ̀ sáré, a ò ní. Ìyá mi ya ìró rẹ̀ àtijọ́ kan fún mi, mo fi di ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì, mo sì fi àtẹ́lẹsẹ̀ lásán sáré. Eérú ni wọ́n fi fa ìlà sórí ilẹ̀ pupa yẹn. Kó o tó dé kọ́nà kejì, eérú ti gùn ọ́ dé orúnkún. Wọ́n kó wa jọ láti ìjọba ìbílẹ̀ mélòó kan, wọ́n ní ẹni méjì làwọn fẹ́ mú. Ọmọ kan tó lẹ́sẹ̀ gígùn ló ṣe ìkíní, kò sẹ́ni tó lè lé e bá. Èmi ṣe ìkejì. Ẹni tó ṣe ìkẹta, mo ti ń mu omi kó tó dé.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n lẹ ìwé mọ́ pátákó ìkéde. Orúkọ mi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi báírò fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá, wọ́n wá há orúkọ ẹni kẹta sókè rẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní torí pé àyè ò tó. Ẹni tó fa ìlà yẹn tẹ báírò náà débi pé ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Wọ́n ní kí n máa bọ̀ bíi rìsáàfù. Mo tẹ̀ lé wọn lọ, ta ni yóò kọ mọ́tò ọ̀fẹ́ lọ sí Ìbàdàn? Èmi ni mo gbé kúlà omi. Èmi ni mo ṣọ́ báàgì. Ọmọ tí wọ́n fi rọ́pò mi ṣe ìkẹrin níbẹ̀. Kò burú fún un, ọmọ dáadáa ni, a ṣì máa ń kíra wa lọ́jà. Ẹni tó fa báírò yẹn ni mo ṣì ń wá.

Ọmọ Sábó
"Ẹni tó fa báírò yẹn ni mo ṣì ń wá" 😂😂😂 Ìyá Dámi, ẹ má pa mí.

Adé Kò-Gbà
Màámi, ẹ má bínú. Báírò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ìwé, ẹ tún wá rí orúkọ yín kà lábẹ́ ẹ̀? Mo kàn ń béèrè ni o.

Ìyá Dámi
@Adé Orúkọ mi ni. Mo lè rí i kà nínú òkùnkùn.

Àlàbí Akẹ́sán
Adé, wọ́n ti dá ẹ lóhùn. Lọ jókòó.

Sístà Kọ́yà
Tèmi ò gùn. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò dá orin lọ́jọ́ Kérésìmesì. Mo dá a lọ́jọ́ tí wọ́n dán wa wò, àwọn àgbà ẹgbẹ́ akọrin ń mi orí. Ọmọ ẹnì kan báyìí ni wọ́n gbé e fún. Nígbà tó dé ẹsẹ kejì, ohùn já. Mo fọwọ́ bojú. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rò pé àdúrà ni mò ń gbà.

Mọ́ńgòrò Ajílété
Ẹ̀rín lẹ̀ ń rín! Ọlọ́run ń wò yín o, Sístà.

Tíṣà Fẹ̀yìntì
Ẹ kú ìjókòó. Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Eré ìdárayá ni mo fi kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ aṣàyàn rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ fún yín.

Òfin àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn ò sọ pé ẹni tó bá ṣe ìkẹta lọ́jọ́ náà ló gbọ́dọ̀ lọ. Ìgbìmọ̀ ló ń yan ọmọ, wọ́n sì máa ń wo ohun tí ọmọ ti ń ṣe bọ̀ láti ẹ̀yìn. Wagner ló gba ife orílẹ̀-èdè ní 2012, òun náà ló gbà á ní 2013. Nígbà tó ku oṣù kan kí wọ́n lọ Boston ló gba idẹ ní àṣekágbá Grand Prix, ọ̀wọ́ ìdíje àgbáyé kan.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Àyè mẹ́ta tí ẹ ń jà lé lórí yẹn, ta ló wá a? Ipò tí àwọn ọmọ yín bá ṣe nínú ìdíje àgbáyé ọdún tó ṣáájú ni wọ́n fi ń pín àyè. Bí orílẹ̀-èdè bá ní ọmọ méjì níbẹ̀, wọ́n á ro ipò àwọn méjèèjì pọ̀. Bí kò bá ju 13 lọ, ẹ ní àyè mẹ́ta. Bó bá ju 13 tí kò ju 28, méjì ni tiyín. Ní 2013, ní ìlú London tó wà ní Kánádà, Wagner ṣe ìkarùn-ún, Gold ṣe ìkẹfà. Ẹ rò ó pọ̀: mọ́kànlá. Ibẹ̀ ni àyè kẹta ti wá. Ní Òlíńpíìkì Vancouver 2010, obìnrin méjì péré ni Amẹ́ríkà rí mú lọ. Ẹni tó roko, ẹ ní kó má jẹ níbẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́ Under G
Ẹ ṣeun, sà. Àmọ́ tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n kó gbogbo èèyàn wá sí Boston ṣe? Kí wọ́n kúkú fi lẹ́tà ránṣẹ́ sílé Wagner.

Ìyá Dámi
Ẹ bá mi bi wọ́n!

Àlàbí Akẹ́sán
Tíṣà, Mirai wà lára àwọn méjì tó lọ Vancouver yẹn. Ọmọ ọdún 16, ó ṣe ìkẹrin nínú gbogbo ayé. Ṣé ìyẹn ò sí lára "ohun tó ti ń ṣe bọ̀ láti ẹ̀yìn" ni?

Tíṣà Fẹ̀yìntì
Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn nìyẹn, Àlàbí. Ìgbìmọ̀ ò lè fi ẹsẹ̀ ọdún 2010 sáré ọdún 2014.

Sístà Kọ́yà
Ẹsẹ̀ ti Wagner náà ṣubú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, sà.

Adé Kò-Gbà
Tíṣà, ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ yìí. Nígbà ayé yín, báírò dúdú lẹ máa ń lò ni, àbí búlúù?

Ìyá Dámi
Búlúù ni.

Tíṣà Fẹ̀yìntì
Àwa kì í fi báírò fa nǹkan. Tápúráítà la fi ń tẹ orúkọ, a ó sì fi sítáǹpù lù ú.

Mọ́ńgòrò Ajílété
Tápúráítà 😂 Tíṣà, ẹ kú àgbà o.

Ọmọ Sábó
Wọn ò tíì dáhùn pé àwọn kọ́ o. Ohun tí wọ́n sọ ni pé tápúráítà.

Tíṣà Fẹ̀yìntì
Èmi kọ́. Ó tó?

Kí n tún fi kún un. Ọmọ tó lè sá eré dáadáa lójú àwọn ará ilé pọ̀. Bẹ́ẹ̀ bá gbé e dé ibi tí èrò ti ń pariwo, ara rẹ̀ á gbọ̀n, ẹ̀yin kan náà lẹ ó sì wá máa bú tíṣà pé kí ló rí tó fi mú un. Èmi ti rí ọmọ tó tọ̀ sára lórí ìlà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wo ẹni tó ti jáde lọ rí.

Ìyá Dámi
Mo gbọ́, sà. Àmọ́ bí ẹ ò bá mú ẹni tí kò jáde rí, ìgbà wo ni yóò jáde rí?

Àbẹ̀kẹ́ Under G
👏👏👏

Àlàbí Akẹ́sán
Ẹ̀yin ará Ogbómọ̀ṣọ́ tí ẹ ń sunkún báírò, ẹ fojú wo ti àwọn tí wọ́n lo kóńdó. Ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní ọdún 1994, ní Detroit. Nancy Kerrigan parí ìdánrawò fún ìdíje orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ó kúrò lórí yìnyín. Ọkùnrin kan yọ sí i, ó la irin mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ lókè orúnkún, ó sì bẹ́ jáde. Ọkọ tẹ́lẹ̀ fún Tonya Harding, tí òun àti Kerrigan jọ ń díje, àti ẹni tó ń ṣọ́ Tonya kiri wà lára àwọn tó gbìmọ̀ ẹ̀.

Kerrigan ò lè díje. Tonya gba ife. Ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ́ Michelle Kwan, ọmọ ọdún 13, ṣe ìkejì. Àyè méjì ló wà lọ́dún yẹn. Wọ́n gbé ọ̀kan fún Tonya, wọ́n gbé èkejì fún Kerrigan tí kò bá wọn jó rárá. Kwan di rìsáàfù. Ìyá Dámi, ẹ̀gbọ́n yín nìyẹn nídìí iṣẹ́ kúlà omi.

Ní Òlíńpíìkì Lillehammer, Oksana Baiul ará Ukraine gba góòlù, Kerrigan gba fàdákà. Okùn bàtà Tonya já. Ó lọ gbé ẹsẹ̀ lé orí tábìlì níwájú àwọn adájọ́, ó ń sunkún, ó ń fi í hàn wọ́n. Wọ́n jẹ́ kó lọ tún un ṣe. Ìkẹjọ ló ṣe.

Sístà Kọ́yà
Ẹ dúró ná. Ṣé Tonya mọ̀ sí i àbí kò mọ̀?

Àlàbí Akẹ́sán
Ó mọ̀. Ta ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é?

Adé Kò-Gbà
Òun sọ pé òun ò mọ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Ohun tó gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀ nílé ẹjọ́ ni pé ó bá wọn lọ́wọ́ nínú dídí ìwádìí lọ́wọ́. Ìyẹn yàtọ̀ sí pé ó rán wọn.

Àlàbí Akẹ́sán
Wọ́n gba ife lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n lé e títí láé. Torí pé kò mọ̀?

Ọmọ Sábó
Èmi wà lẹ́yìn Tonya díẹ̀ o. Ilé tálákà ló ti jáde, ìyá ẹ̀ ló ń bá a rán aṣọ ijó. Àwọn adájọ́ ò fẹ́ràn irú ẹ̀, ọmọ olówó ni wọ́n fẹ́ máa rí. Bẹ́ẹ̀, òun ni obìnrin Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó ṣe triple axel nínú ìdíje, ní 1991.

Ìyá Dámi
Ọmọ Sábó, mo mọ bí aṣọ tí wọ́n rán nílé ṣe ń dunni. Síbẹ̀, mi ò rán ẹnikẹ́ni pé kó lọ la irin mọ́ ọmọ yẹn.

Mọ́ńgòrò Ajílété
Báírò nìkan lẹ ń wá.

Túndé Kánádà
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti gun nǹkan yìí rí, èmi ọmọ Tákíẹ̀. Níbi iṣẹ́ ni wọ́n ti kó wa lọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe bàtà náà. Irin abẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ojú kan bíi ti ọ̀bẹ ìdáná o. Wọ́n gbẹ́ àárín rẹ̀ wọnú díẹ̀, ó wá ní etí méjì, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde. Orí etí kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń rìn tí wọ́n bá ń fẹ́ yà. Níwájú irin yẹn, eyín wà níbẹ̀, òun ni wọ́n fi ń gún yìnyín tí wọ́n bá fẹ́ fò. Ẹnikẹ́ni ò sọ ti eyín yẹn fún mi. Mo gbé ẹsẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọlúwàbí, eyín gbá yìnyín mú, àyà ni mo fi délẹ̀. Bí mo ṣe dojú délẹ̀ níbẹ̀, ọmọdé kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi, ẹ̀yìn ló ń fi í rìn, ó tún ń fi ọwọ́ jẹun.

Ọmọ Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ gbà á nípa axel. Òun nìkan ni wọ́n ń kojú síwájú gbéra fún, ẹ̀yìn ni wọ́n sì fi ń balẹ̀, ààbọ̀ yíyí ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Triple axel, mẹ́ta àti ààbọ̀ ni. Ẹ tún wá mọ ẹni tó jẹ́ obìnrin Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó balẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ ní Òlíńpíìkì? Mirai Nagasu. Pyeongchang, 2018.

Àbẹ̀kẹ́ Under G
HẸ̀N-ẸN! Mo ti sọ fún ọmọ yìí pé ó kù síbì kan!

Tíṣà Fẹ̀yìntì
Ẹ parí ìtàn yẹn, Túndé. Lọ́dún 2018 yẹn, Wagner tún ṣe ìkẹrin nílé, wọn ò sì mú un. Bradie Tennell, Mirai àti Karen Chen ló lọ. Ìgbìmọ̀ tí ẹ ń bú náà nìyẹn.

Sístà Kọ́yà
Ìkẹrin lọ ní 2014, ìkẹrin ò lọ ní 2018. Tíṣà, ọ̀rọ̀ yín ló ń tú o.

Tíṣà Fẹ̀yìntì
Kò tú. Wagner ò ní iṣẹ́ ẹ̀yìn tó tó ti àtijọ́ mọ́. Òṣùwọ̀n kan náà ni.

Àlàbí Akẹ́sán
Ẹ jẹ́ kí n gbe Tíṣà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kwan tó gbé kúlà ní 1994, ní 2006 ara ń dùn ún, kò lè lọ sí ìdíje ilé. Ó kọ̀wé bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì fún un láyè Òlíńpíìkì nítorí gbogbo ohun tó ti ṣe. Ó dé Turin, ara tún kọ̀ ọ́ níbi ìdánrawò, ó yọ ara ẹ̀. Emily Hughes tó ṣe ìkẹta nílé ló wọ bàálù lọ rọ́pò ẹ̀.

Adé Kò-Gbà
O gbe Tíṣà tàbí o gbé e ṣubú? Ẹni tó ṣe ìkẹta ló tún padà lọ.

Àbẹ̀kẹ́ Under G
Alysa Liu náà kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ ní 2022. Kòrónà mú un láàárín ìdíje ní Nashville, kò lè parí. Wọ́n mú un, ó lọ Beijing, ó sì jáwọ́ nínú eré lọ́dún yẹn náà, ọmọ ọdún 16! Ó padà wá, ó gba ife àgbáyé ní 2025. Èyí ni mi ò bínú sí.

Ìyá Dámi
O ò bínú torí pé o fẹ́ràn ẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Under G
Bẹ́ẹ̀ ni mà 🙈

Káfíntà Ọjà Ìgbó
Ẹ dákun, mi ò mọ nǹkan kan nípa ijó. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Nàìjíríà kan lọ Òlíńpíìkì yìnyín yẹn ní 2018, nǹkan tí wọ́n ń jókòó sínú ẹ̀ tó ń já wálẹ̀. Ṣeun Adigun tó ti sá eré fífò bọ́ igi ní London 2012 ni olórí wọn, Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga tẹ̀ lé e. Wọ́n ní pákó ló fi kan èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi ń dánra wò, nínú gáréèjì ní Houston. Pákó! Ẹ rò pé mi ò lè kan tiwa? Mo ní pákó ìrókò nílẹ̀.

Mọ́ńgòrò Ajílété
Kí ẹ gbé e já wálẹ̀ níbo? Òkè wo ló wà ní Ọjà Ìgbó?

Ọmọ Sábó
Ìrókò kẹ̀, ẹ fẹ́ pa wọ́n ni? Yóò wúwo ju mọ́tò lọ.

Káfíntà Ọjà Ìgbó
Ìwúwo ni yóò jẹ́ kó sáré. Ẹ̀yin ò mọ iṣẹ́.

Àlàbí Akẹ́sán
Simidele Adeagbo náà wà níbẹ̀ lọ́dún yẹn, òun dojú bolẹ̀ lórí irin kékeré kan, orí ló ṣáájú. Obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ nídìí eré yẹn ní Òlíńpíìkì. Orúkọ Yorùbá lórí yìnyín, orí mi wú.

Adé Kò-Gbà
Ta ló bá wọn du àyè ní Nàìjíríà? Kò sẹ́nikẹ́ni. Wọn ò rí báírò sójú.

Ọmọ Sábó
Nílé tiwa báírò ti di nǹkan àtijọ́. Favour Ofili yege fún ọgọ́rùn-ún mítà Paris 2024, orúkọ ẹ̀ ò sí nínú ìwé nígbà tí àkókò tó. Igba mítà ló sá, ó dé àṣekágbá, ó ṣe ìkẹfà. Wọn ò fa ìlà sórí orúkọ. Wọn ò tiẹ̀ kọ ọ́.

Ìyá Dámi
Èyí burú ju tèmi lọ. Èmi ṣì rí kúlà gbé.

Tíṣà Fẹ̀yìntì
Èyí ni mi ò lè gbèjà.

Mọ́ńgòrò Ajílété
Ẹ kọ ọjọ́ òní sílẹ̀ o, Tíṣà ti gbà!

Àbẹ̀kẹ́ Under G
Ẹ jọ̀ọ́, kó tó di pé a sùn. Ọmọ yìí ní òun fẹ́ bàtà ọ̀hún. Yìnyín ò sí, ẹlẹ́sẹ̀ táyà ni yóò fi dánra wò. Mo rí àwọn ọmọ Lautech kan tí wọ́n ń fi í sáré lójú títì Under G ní ìrọ̀lẹ́. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń rà á?

Àlàbí Akẹ́sán
Ẹ mú un wá sí Ọ̀yọ́. Pápá Durbar gbòòrò, kò sí ọ̀kadà tí yóò kọ lù ú.

Ọmọ Sábó
Láti Ogbómọ̀ṣọ́ wá sí Ọ̀yọ́ torí bàtà? Àlàbí, ẹ fẹ́ kó ọmọ ọlọ́mọ lọ. Ọmọ Ajílété ni, ẹ jẹ́ kó jókòó.

Túndé Kánádà
Àǹtí, ẹ má ra bàtà tó tóbi ju ẹsẹ̀ lọ pé yóò dàgbà sí i. Ọrùn ẹsẹ̀ á máa yẹ̀. Ẹ ra ìdáàbòbò orúnkún pẹ̀lú ẹ̀.

Sístà Kọ́yà
Ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n mi ní èyí tí kò wọ̀ mọ́. Táyà kan ló ti jẹ. Nọ́ńbà ẹsẹ̀ ọmọ yín mélòó ni?

Àbẹ̀kẹ́ Under G
34, mà. Ó ti ń fò lórí àga báyìí. Ẹ̀gbọ́n Káfíntà, ẹ máa bọ̀ wá tún àga ṣe.

Káfíntà Ọjà Ìgbó
Ìrókò ni, àbí pákó lásán?